Ajá Ọdẹ Kékeré Ilẹ̀ Wa: Ìrísí Rẹ̀, Ìwúlò Rẹ̀ Nínú Oko Kòkó, àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ olókòkó, nínú gbogbo ohun ọ̀sìn tí ó wà ní abúlé oko, kò sí èyí tí a kì í náwó lé lórí bí ajá. Àgbẹ̀ a máa ra iyọ̀ fún àgùntàn rẹ̀, a sì máa kọ́ ilé fún adìyẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ajá ni yóò máa wá oúnjẹ ara rẹ̀ kiri orí ààtàn. Bẹ́ẹ̀ ni ajá yìí kan náà ni ó ń bá a wọ oko ní òwúrọ̀, tí ó ń hú òkété jáde nídìí kòkó, tí ó sì ń pa ọ̀yà tí a fi ń jẹ iyán ní alẹ́. A kọ ìwé kékeré yìí láti ṣàlàyé irú ajá náà, iṣẹ́ tí ó lè ṣe, oúnjẹ tí ó yẹ ẹ́, àti ewu méjì tí ó yẹ kí olúkúlùkù ẹni tí ó ní ajá nínú oko kòkó mọ̀ dájúdájú. Ewu kìíní ni pé kòkó fúnra rẹ̀ jẹ́ májèlé fún ajá. Ewu kejì ni pé ajá tí a kò gún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lè mú ikú wọ inú ilé.

Ajá tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ajá ńlá tí àwọn ará ìlú fi ń ṣọ́ ilé. Ajá kékeré ilẹ̀ wa ni, èyí tí àwọn baba wa ti ń lò kí òyìnbó tó dé. Irun rẹ̀ kúrú, ó sì lẹ̀ mọ́ ara; àwọ̀ rẹ̀ a máa pọ́n bí ilẹ̀ pupa, tàbí kí ó dúdú, tàbí kí funfun wà ní àyà àti ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, àyà rẹ̀ jìn, ikùn rẹ̀ fà wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Púpọ̀ nínú wọn wọn kílò 10 sí 15. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé ebi ni ó ń pa á, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tí ẹ sì bá iṣan líle pàdé lórí eegun, ajá náà kò rù. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Èyí tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ tí irun rẹ̀ sì rẹ̀ ni kí ẹ pè ní ajá tí ebi tàbí aràn ń bá jà.

Kíkéré rẹ̀ ni iyì rẹ̀. Lábẹ́ kòkó tí ó ti dàgbà, níbi tí ẹ̀ka gbé so kọ́ra tí ènìyàn gbé ń tẹ̀ ba kọjá, ajá yìí ń sáré láìfi ara kan nǹkan. Ooru kì í tètè mú un, oúnjẹ díẹ̀ sì tó o. Ní ọdún 2018 àwọn onímọ̀ tí ó yẹ ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ajá ìbílẹ̀ Nàìjíríà wò tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde, wọ́n sì rí àmì pé láti ìrandíran ni ara àwọn ajá wọ̀nyí ti ń kọ́ bí a ti ń bá àwọn kòkòrò àrùn ilẹ̀ olóoru jà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ajá fún oko, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ajá òkè òkun gígùn irun tàn án jẹ. Owó rẹ̀ pọ̀, oúnjẹ rẹ̀ pọ̀, eégbọn àti ooru kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó borí rẹ̀.

Ajá wa ní ẹlẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Kóńgò tí òkìkí rẹ̀ ti kàn dé òkè òkun, èyí tí a ń pè ní Basenji. Ó ga ní ínṣì 16 sí 17 láti ilẹ̀ dé èjìká, ó sì wọn bí kílò 10 tàbí 11. Kì í gbó bí àwọn ajá yòókù. Ohùn rẹ̀ dàbí ti ẹni tí ń fi ọ̀fun kọrin. Nítorí èyí, àwọn ọdẹ ibẹ̀ a máa so agogo onígi mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tí ó wà nínú igbó. Ní ọdún 1895 a kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi wọ́n hàn níbi àfihàn ajá, ṣùgbọ́n àrùn ajá kan tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀, èyí tí ń mú imú ṣàn tí ó sì ń mú ajá wú ikọ́, pa wọ́n. Ó di ọdún 1937 kí a tó tún fi irú wọn hàn níbẹ̀. Ẹ kíyèsí i: ajá tí ẹkùn àti ejò igbó Kóńgò kò rí pa, àrùn tí abẹ́rẹ́ kan ń dènà lónìí ni ó pa á.

Ajá tiwa ń gbó, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a bọ́ agogo tàbí ṣaworo kúrò lọ́rùn rẹ̀ ní ọjọ́ ọdẹ. Bí agogo bá ń dún káàkiri, ajá ń wá òórùn. Bí ó bá dákẹ́ sí ojú kan, ó ti dúró lẹ́nu ihò. Agogo yìí náà ni kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn tí ó gbé ìbọn nínú igbó ṣì í mú fún ẹtu. Kí okùn tí a fi so ó má ṣe le jù. Ó yẹ kí ó lè bọ́ kọjá orí ajá bí igi tàbí ìtàkùn bá há a, nítorí ajá púpọ̀ ti pokùn so bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ igbe wọn.

Ní ti iṣẹ́ rẹ̀ nínú oko kòkó, a kò fẹ́ tàn yín. Ajá kò lè gun igi, nítorí náà kò lè gba èso kòkó lọ́wọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ tí ó ń dá a lu láti òkè; kíká kòkó ní kété tí ó bá ti pọ́n ni àtúnṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń rìn nílẹ̀ ni tirẹ̀: òkété, ikún, eku oko, àti ọ̀yà. Ọ̀yà a máa gé kòkó kékeré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ní ìdí, eku a sì máa dá ihò sí ara èso tí ó wà nísàlẹ̀ igi. Ihò bẹ́ẹ̀ di ẹnu ọ̀nà fún àrùn tí ń mú kòkó dúdú tí ó sì ń rà. Àwọn ẹlòmíràn a máa ti iná bọ igbó kí ọ̀yà lè sá jáde. Ẹ rántí ọ̀dá ọdún 1983, nígbà tí iná sun oko kòkó púpọ̀ ní ilẹ̀ wa àti ní Gánà: igi tí ó gba àgbẹ̀ ní ọdún púpọ̀ láti tọ́ di eérú ní ọ̀sán kan. Àwọn mìíràn a máa fi májèlé sínú èlùbọ́ tàbí iṣu sísè fún eku, adìyẹ àti ọmọ aládùúgbò a sì bá a níbẹ̀. Ajá méjì tí ó gbọ́ràn pẹ̀lú àwọ̀n kan sàn ju iná àti májèlé lọ, ẹran tí wọ́n bá sì pa ṣe é jẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ ajá, ẹ wo ìyá rẹ̀ ná. Bí ìyá bá jẹ́ ọdẹ rere tí kì í bu ará ilé jẹ, ó ṣeé ṣe kí ọmọ tẹ̀lé e. Kí ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí ẹ tó gbà á kúrò lẹ́nu ọmú. Ẹ mú èyí tí ojú rẹ̀ mọ́, tí ó ń rìn tọ ènìyàn wá, tí ikùn rẹ̀ kò sì wú bí ìlù. Ikùn wíwú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe yíyó, aràn ni.

Ẹ fún un ní orúkọ kúkúrú. A mọ̀ pé àṣà wa ni láti fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí a lè máa fi pípè é sọ òkò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò, ṣùgbọ́n bí orúkọ náà bá gùn, ọ̀yà yóò ti kọjá odò kí ẹ tó pè é tán. Ẹ fi fèrè kọ́ ọ láti ìgbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ta: ẹ fọn fèrè, kí ẹ sì fún un ní ẹran bíńtín nígbà tí ó bá dé, lójoojúmọ́. A máa ń pa á lówe pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ènìyàn ni a ń fi òwe náà bá wí. Ní ti ajá gan-an, bí kò bá gbọ́ fèrè, ẹni tí ó kọ́ ọ ni ó yẹ kí a bi léèrè. Lílù kò kọ́ ajá ní ohun kan bí kò ṣe láti jìnnà sí ọwọ́ ènìyàn.

Ní ti oúnjẹ, ẹ̀kọ tàbí àmàlà nìkan kò tó ajá tí ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi orí ẹja, ẹran wẹ́wẹ́, tàbí ẹ̀wà tí a sè rọ̀ sí i, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí oúnjẹ alẹ́ pọ̀ ju ti òwúrọ̀ lọ. Alùbọ́sà kò dára fún un, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Eegun adìyẹ tí a ti sè a máa fọ́ sí ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun rẹ̀. Ìfun ẹran ìgbẹ́ tí ẹ bá pa, ẹ sè é kí ẹ tó jù ú fún un, nítorí aràn wà nínú rẹ̀. Kí omi mímọ́ wà fún un nínú oko, kí ó má baà lọ mu omi tí a fi fọ agolo oògùn kòkó. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń fín oògùn sí kòkó, ẹ so ajá mọ́ ilé títí ewé yóò fi gbẹ.

Ewu tí àwọn àgbẹ̀ púpọ̀ kò mọ̀ rárá ni a kàn yìí. Kòkó tí à ń tà tí a fi ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní èròjà kan nínú tí a ń pè ní theobromine. Ara ènìyàn tètè ń sọ èròjà yìí nù, kì í sì í ṣe é ní nǹkan. Ara ajá kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 17 tàbí 18, bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Nínú kílò 1 kòkó gbígbẹ, èròjà náà tó gíráàmù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ajá tí ó wọn kílò 10, bí 20 ẹyọ kòkó gbígbẹ tó láti mú un bì. Ẹyọ 50 tàbí 60 lè mú gìrì bá a. Bí ó bá sì jẹ tó ẹ̀kúnwọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó lè kú. Ajá tí kò jẹun kánú kì í fojú di ohunkóhun tí ó bá rí lórí ẹní, pàápàá bí omi dídùn ara kòkó bá ṣì wà lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ajá sùn nídìí kòkó tí ẹ kó jọ tí ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò, tàbí lábẹ́ pèpéle tí ẹ ń sá a sí. Èèpo tí ń bọ́ lára kòkó gbígbẹ náà ní májèlé yìí.

Àmì rẹ̀ a máa hàn láàrin wákàtí díẹ̀ sí wákàtí 12: ajá yóò bì, yóò máa mu omi ṣáá, kò ní lè dúró lójú kan, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Ẹ má ṣe la ẹnu rẹ̀ láti da epo pupa sí i lọ́fun. A mọ̀ pé ohun tí a ń ṣe nìyẹn ní abúlé bí ẹnikẹ́ni tàbí ẹrankẹ́ran bá jẹ májèlé, ṣùgbọ́n epo tí a dà sí ọ̀fun ẹran tí ń gbọ̀n a máa gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, òun náà a sì pa á. Kò sí oògùn kan pàtó tí ń pa májèlé yìí. Dókítà ẹran lè mú kí ajá bì í jáde bí a bá tètè gbé e dé láàrin wákàtí kan sí méjì, ó sì lè dá gìrì náà dúró; nítorí náà, ẹsẹ̀ yíyá ni oògùn rẹ̀.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé le jùlọ, èyí ni àrùn dìgbòlugi. Itọ́ ajá tí ó ní àrùn náà ni ó ń gbé e kiri, nípa bíbùjẹ tàbí nípa lílá ojú ọgbẹ́. Ajá ọdẹ sì súnmọ́ ewu yìí ju ajá ilé lọ, nítorí ó ń bá ẹranko igbó jà, ó sì ń bá ajá abúlé mìíràn pàdé lọ́nà. Lẹ́yìn tí ajá olóòótọ́ àrùn yìí bá bu ènìyàn jẹ, nǹkan kan lè má hàn fún oṣù kan sí mẹ́ta, nígbà mìíràn fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ba aláìsàn náà lẹ́rù, kò sí dókítà tàbí babaláwo tí ó lè gbà á sílẹ̀ mọ́. Nínú ènìyàn 100 tí irú ajá bẹ́ẹ̀ ń bù jẹ káàkiri ayé, bí 40 ni ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15.

Gbogbo ènìyàn mọ ajá dìgbòlugi tí ń sáré kiri tí ó ń bu igi àti òkúta jẹ. Èyí tí a kò mọ̀ dáadáa ni ti ajá tí ó dákẹ́. Yóò lọ sùn sí kọ̀rọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ yóò rọ̀, itọ́ yóò máa kán, kò ní lè gbé oúnjẹ mì, ohùn gbígbó rẹ̀ yóò sì yí padà. Olówó rẹ̀ yóò wí pé eegun ni ó há a lọ́fun, yóò sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti yọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ti ọwọ́ bọ ẹnu ajá bẹ́ẹ̀ láé. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Bí ó bá kú, ẹ má ṣe pa á jẹ, ẹ má sì ṣe fọ́ orí rẹ̀, nítorí ọpọlọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ̀ bóyá àrùn náà ni. Àwọn tí ń pa ajá tà fún jíjẹ náà wà nínú ewu yìí, bí ọ̀bẹ bá gé wọn lọ́wọ́.

Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ì báà ṣe ajá tirẹ̀ tí ó tọ́ dàgbà, kí a fi omi tí ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, láìdúró de ẹnikẹ́ni. Kí a má ṣe fi eérú, ewé, epo, tàbí irun ajá náà dí i. Lẹ́yìn náà, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́, kí ó sì padà lọ gba ìyókù ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un, bí ọgbẹ́ náà tilẹ̀ ti jinná. Láti ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur kọ́kọ́ fi irú oògùn yìí gba ọmọdékùnrin kan tí ajá bù jẹ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ni a ti mọ̀ pé àrùn yìí ṣeé dá dúró bí a bá tètè dé. Ní ti ajá tí ó bu ènìyàn jẹ, ẹ má ṣe yára pa á bí ó bá ṣeé so mọ́lẹ̀. Bí ọjọ́ 10 bá kọjá tí ara rẹ̀ sì le, àrùn náà kò sí nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bu ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bù jẹ má ṣe dúró de ọjọ́ kẹwàá kí ó tó lọ gba abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ ajá fúnra rẹ̀ rọrùn. Ilé Ìwádìí Àrùn Ẹran tí ó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe é ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Kí ọmọ ajá gba ti dìgbòlugi nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ta, kí ó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Iye owó rẹ̀ kò tó iye ọ̀yà kan.

Àwọn àrùn yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ yẹ abẹ́ etí àti àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò ní alẹ́ ọjọ́ ọdẹ, kí ẹ yọ eégbọn, kí ẹ sì sọ ọ́ sínú iná. Eégbọn púpọ̀ ń mu ẹ̀jẹ̀, ó sì ń gbin ibà sí ajá lára. Ẹ fún ọmọ ajá ní oògùn aràn láti ìgbà tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì, títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kí ajá àgbà máa lò ó ní oṣù mẹ́tamẹ́ta. Aràn ajá a máa ràn mọ́ àwọn ọmọ tí ń ṣeré lórí ilẹ̀, nítorí náà kí a máa gbé ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò ní àgbàlá. Kúrúnà ń ràn mọ́ ènìyàn pẹ̀lú. Kí ẹ má ṣe da epo ẹ̀ńjìnnì tí a ti lò sí ara rẹ̀, bí àwọn kan ti ń ṣe, nítorí ajá a máa lá ara rẹ̀, yóò sì gbé e mì.

Abo ajá a máa gbé oyún fún bí ọjọ́ 63. Kí ó sinmi ọdẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó kẹ́yìn, kí oúnjẹ rẹ̀ sì pọ̀ sí i títí yóò fi já àwọn ọmọ lẹ́nu ọmú. Ẹ ṣe ibùsùn rẹ̀ sí ibi tí ó gbẹ tí ó sì jìnnà sí àká kòkó. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gún ajá ní abẹ́rẹ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà sínú ìwé kan náà tí ẹ ń kọ ìwọ̀n kòkó yín sí, kí ẹ lè rí i nígbà tí ẹ bá ṣí ìwé náà ní àkókò kíká kòkó ọdún tí ń bọ̀.